Omi Kainji, Wáyà Fọlá Agoro

Ẹni tó bá ń gbé ní Fọlá Agoro mọ̀ pé bí òjò bá ti ṣú báyìí, kò tíì rọ̀ o, iná ti lọ nìyẹn. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a háyà yàrá síbẹ̀ torí pé ó sún mọ́ Akọka, ó ti mọ́ wa lára. Mi ò kọ èyí láti fi ṣàròyé iná tó lọ. Èyí tó wà nílé lọ́jọ́ tí kò yẹ kó wà ni mo fẹ́ sọ.

Ìyá onílé wa ní ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìnkùlé, kò ju ibi tí èèyàn mẹ́fà lè tẹ́ ẹní sí lọ. Ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ata rodo ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, òjò pọ̀, gọ́tà kún, omi ò rí ibi lọ. Ewé ata bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ dànù, gbòǹgbò rẹ̀ ń jẹrà nínú ẹrẹ̀, ìwọ̀nba èyí tó so ń já bọ́ sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá ní kí àwọn lọ ká ìyókù kó tó ṣòfò. Ilẹ̀ ń yọ̀, ni wọ́n bá fi ọwọ́ kan di irin tí a ń sá aṣọ lé mú. Igbe la kàn gbọ́.

Bàbá Tápà tó ń ta ìrẹsì níwájú ilé ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Bàbá ò fọwọ́ kan Ìyá o. Ọmọ odó gbígbẹ tó wà lẹ́bàá ilé ìdáná ni wọ́n gbé, wọ́n fi gbá ọwọ́ Ìyá kúrò lára irin náà. Èmi sáré lọ yọ kọ́táòtù. Ìyá onílé wà láàyè, a dúpẹ́, àmọ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn bó, wọn ò sì lè ro ọbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Oníṣẹ́ iná tí a pè gun orí àjà lọ. Ó bá ìran wáyà mẹ́ta níbẹ̀. Ìkíní jẹ́ ti ọdún 1961 tí bàbá ọkọ Ìyá kọ́ ilé náà: wáyà tí wọ́n fi rọ́bà bò, tí wọ́n kàn mọ́ pákó. Rọ́bà yẹn ti gan bí ẹran gbígbẹ, ẹ fọwọ́ kàn án, ó rún. Ìkejì ni pupa àti dúdú, ìkẹta ni búráùn àti búlúù. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi àwọ̀ yìí, torí ọ̀rọ̀ ìtàn ni. Nínú òfin wáyà tí a jogún lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pupa ni iná wà nínú ẹ̀, dúdú ni iná ń gbà padà. Ní 2004, Bìrìtéènì yí tirẹ̀ padà kó lè bá ti Yúróòpù mu: búráùn di pupa àná, búlúù di dúdú àná. Wàhálà ibẹ̀ ni pé nínú wáyà onífésì mẹ́ta àtijọ́, fésì tí iná wà nínú ẹ̀ ni búlúù jẹ́; nínú tuntun, dúdú náà ti di fésì. Ọjà sì kún fún méjèèjì. Ẹnì kan tó fa iná dé bálùwẹ̀ ẹ̀yìn wa fi àjẹkù wáyà onífésì mẹ́ta ṣe é, ó fi nylon wé oríkèé tó so pọ̀. Òjò wọ ibẹ̀, iná bá gba páànù kọjá sára ìṣó, ó gba ìṣó dé irin aṣọ. Ẹ̀rọ ilẹ̀ tó yẹ kó gbé irú iná bẹ́ẹ̀ lọ, ilé wa ò ní in.

Mo bi Ìyá léèrè: ta ló yẹ wáyà wò ní 1961? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́dún yẹn, ẹ má gbàgbé, Ṣómólú àti Bàríga kò sí lára Èkó lójú ìjọba. Láti 1954, Erékùṣù Èkó, Èbúté Mẹ́tta àti Yábàá wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àwa ará ẹ̀yìn Yábàá, Ìbàdàn la ń wò, a wà lábẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní May 1967. Ẹni tí ilẹ̀ Yábàá wọ́n jù fún lówó, ọ̀dọ̀ wa ló ń wá ra ilẹ̀. Ilé ń pọ̀ ju ìwé tó yẹ kó bá a rìn lọ.

Bẹ́ẹ̀, orúkọ ò yéé yí padà lókè. Iná mànàmáná dé Èkó ní 1896. Wọ́n dá ECN sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1950, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó Kainji ní 1972, ó di NEPA. NEPA di PHCN ní 2005. Ní November 2013, wọ́n gé PHCN sí wẹ́wẹ́ fún àwọn aládàáni. Síbẹ̀ bí iná bá dé lálẹ́ òní ní Fọlá Agoro, ọmọ ọdún márùn-ún tí wọn ò tíì bí nígbà náà yóò pariwo “Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!” Kí ni ká ti gbọ́ eléyìí?

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn, Ìyá rán mi lọ sí ọ́fíìsì kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, láti gba mítà tuntun àti ẹni tó máa wá wo wáyà. Wọ́n ní kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé wá fúnra rẹ̀. Orúkọ bàbá ọkọ Ìyá ló wà lórí ìwé, bàbá náà sì ti kú láti 1988. Mo ṣàlàyé. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn tábìlì wò mí títí, ó ní, “Then kí ẹ mú ìwé ikú wá.” Níbi tí a lọ gba ìwé ikú, wọ́n ní a ò sí lábẹ́ wọn, ká lọ sí òdìkejì. Òdìkejì ní ká padà. Mo ṣe fọtokọ́pì ìwé kan náà ní ìgbà mẹ́fà. Owó yẹn ì bá ra indomie.

Ìgbà tí mo délé tí mo ń fapá jánú ni Bàbá Tápà sọ pé kí n jókòó. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, iná tó gbá Màmá yẹn, omi wa ni o.” Mo rò pé àwàdà ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Odò Ọya fún mi, bí àwọn bàbá wọn ṣe ń gbin ìrẹsì sí etí odò nísàlẹ̀ Jẹ́bà. Mo gba ilé ìkàwé lọ lọ́jọ́ kejì láti wá ìyókù.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni Odò Ọya máa ń kún. Láti nǹkan bí oṣù kẹjọ, omi funfun dé, omi òjò àyíká tó ru erùpẹ̀. Tó bá lọ tán, ní àsìkò ọyẹ́, omi dúdú dé láti òkè Guinea, ó ti já erùpẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Mali, ó mọ́ kedere. Àgbẹ̀ fi ìkún àti fífà yìí ka oṣù: ibi tí omi bá ti fà ni wọ́n ń gbìn sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdídò Kainji ní 1964, wọ́n parí ẹ̀ ní 1968, Gowon ṣí i ní February 1969. Bí 44,000 èèyàn ló kó kúrò nílé. Bussa àtijọ́ wà lábẹ́ omi báyìí, pẹ̀lú ibi tí omi ti ń ru gùdù níbi tí Mungo Park kú sí ní 1806. Ẹ̀rọ méjìlá ni wọ́n wéwèé. Mẹ́jọ ni wọ́n rí gbé kalẹ̀, 760 megawatt.

Nísàlẹ̀ ìdídò, omi tó máa ń bo ilẹ̀ ìrẹsì ò dé bó ṣe yẹ mọ́. Làwọn èèyàn bá sún oko mọ́ etí odò. Tí òjò bá wá pọ̀ jù, tí adágún kún, wọ́n á ṣílẹ̀kùn omi kí ìdídò má bàa fọ́, nígbà tí ìrẹsì ṣì ń yọ orí. Ó ṣẹlẹ̀ ní 1999: Kainji, Jẹ́bà àti Shiroro tú omi sílẹ̀, omi gbé oko àti abúlé lọ. 2012 tún burú jù; káàkiri Nàìjíríà, èèyàn 363 ló kú, ó lé ní mílíọ̀nù méjì tó sá kúrò nílé.

Lóòótọ́, gáàsì ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná wa, Egbin nìkan ti wà láti 1985. Ṣùgbọ́n orí wáyà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Kò sẹ́ni tó lè ya iná Kainji sọ́tọ̀ nínú búlùùbù rẹ̀.

Mo wá rí òfin tí wọ́n fi dá HYPPADEC sílẹ̀, àjọ tó yẹ kó máa tún ìgbésí ayé àwọn tó yí ìdídò ká ṣe. Ààrẹ buwọ́ lù ú ní 2010. 2020 ni wọ́n tó gbé ìgbìmọ̀ rẹ̀ dìde. Mo ka á fún Bàbá Tápà níwájú àpò ìrẹsì wọn. Wọ́n ń wọn kóńgò kan fún oníbàárà lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè. “Ọdún mẹ́wàá,” ni wọ́n wí. “Ìwọ tó o ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, o ti ń kanra.”

Oníṣẹ́ iná ti yọ gbogbo wáyà tó lọ sí bálùwẹ̀. Ìyá sanwó rẹ̀ látinú owó àjọ wọn, wọn ò dúró de ọ́fíìsì kankan. Ó wá ri ọ̀pá kọ́pà kan mọ́lẹ̀ fún ilé náà. Àárín ibi tí omi ti pa ata ló yàn, ó ní ilẹ̀ tútù ló ń gba iná mọ́ra jù. Ìyá ní kó fi bíríkì méjì sàmì síbẹ̀, kí ọkọ́ má bàa gé wáyà nígbà tí àwọn bá tún fẹ́ gbin ewédú. Ata tuntun wà nínú ike ọ̀dà lórí pèpéle báyìí, ó ti ń tanná. Fọ́ọ̀mù mítà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìwé ikú ló kù.