Kàtídírà Marina: Omi Sún, Ilé Dúró

Ìlú omi ni Èkó. Ọ̀sà yí i ká, ìjọba Gómìnà MacGregor sì gbẹ́ odò àtọwọ́dá sáàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí. Létí ọ̀sà náà, ní Marina, ni wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church lélẹ̀ ní 1867. Ilé tó wà níbẹ̀ lónìí, tí Bagan Benjamin ya àwòrán rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1924, ó sì parí ní 1946. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da iyanrìn sí etí ọ̀sà láti la títì. Omi sún sẹ́yìn, Kàtídírà kò yẹsẹ̀.

Kí ló kan àwa ará Modákẹ́kẹ́ níbẹ̀? Ibẹ̀ ni wọ́n kó egungun Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther lọ ní 1976. Ogun tó tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká ló lé àwọn baba ńlá wa wá sí ilẹ̀ Ifẹ̀; nínú ogun yìí kan náà ni wọ́n ti kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣóògùn ní 1821.

Jóṣúà kó òkúta méjìlá jáde láti inú Jọ́dánì kí àwọn ọmọ lè béèrè ìtumọ̀ wọn. Bí àwọn ọmọ wa bá béèrè ìtumọ̀ ilé yìí, ẹ jẹ́ kí a dá wọn lóhùn pé láti àárín àwọn tí ogun fọ́n ká ni Ọlọ́run ti yan ẹni tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa.