Ìwọ̀sí Tó Di Ogun: Àwọ̀, Ipò àti Ìdààmú Ọkàn Òyìnbó, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ẹ̀pẹ́

Bí òyìnbó bá yà síbi àtẹ ẹja ní Ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ pé, "Òyìnbó! Wá rajà!" Ẹni tó pè é kò bú u, ọjà rẹ̀ ló ń polówó. Síbẹ̀, ojú àlejò lè yí padà, torí pé nílùú tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í fi àwọ̀ pè é. Kí ló ń dà á láàmú? Èrò mi ni pé àwọ̀ kọ́, bí kò ṣe ipò tí wọ́n ti kọ́ ọ pé àwọ̀ náà fi jíǹkí rẹ̀. Bí ipò bá yẹ̀, ọkàn a mì.

Janet Helms, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ìpele mẹ́fà tí òyìnbó lè là kọjá nínú mímọ ara rẹ̀ bí òyìnbó, nínú ìwé rẹ̀ ọdún 1990. Àìkíyèsí ló ṣáájú, ìdàrúdàpọ̀ ọkàn tẹ̀lé e. Ní ìpele kẹta, òyìnbó lè sá padà sínú ìgbéraga, tòun ti ìbínú àti ìbẹ̀rù.

Ìpele kẹta yìí ni mo rí nínú ọ̀ràn Ìjẹ̀bú. Lọ́dún 1891, Denton, adelé gómìnà Èkó, lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde nítorí ọ̀nà òwò. Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, kò gba ẹ̀bùn rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó pè é ní ìwọ̀sí. Ní January 1892, Gómìnà Carter ní kí àwọn Ìjẹ̀bú wá bẹ̀bẹ̀. Wọ́n sì wá. Nígbà tí wọ́n tún dá míṣọ́nnárì òyìnbó kan padà lọ́nà, ogun dé. Ẹ̀pẹ́ làwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí ní May, ibẹ̀ ni wọ́n gbà lọ sí Ìmàgbọn, níbi tí wọ́n ti bá Ìjẹ̀bú jà.

Ẹnìkan lè ní òwò ló fà á. Òwò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kì í ṣí ọ̀nà òwò. Ẹ tún wo Ẹ̀pẹ́ kan náà lọ́dún 1854. Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò, ti kojú àgbá Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó lọ́dún 1851. Síbẹ̀, Campbell, kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, bá a jókòó ṣàdéhùn ní Ẹ̀pẹ́, ó sì gbà pé wọn yóò máa san owó fún un lọ́dọọdún. Ẹni tó jagun rí owó gbà; ẹni tó kọ ẹ̀bùn rí ogun. Ohun tó wú láàárín ọdún méjìdínlógójì yẹn ni ojú tí òyìnbó fi ń wo ara rẹ̀.

Nígbà tó yá, bí òṣìṣẹ́ amúnisìn kò bá rí oorun sùn, tí inú ń bí i ṣáá, dókítà a ní àárẹ̀ iṣan ilẹ̀ olóoru ni, pé oòrùn wà lára ohun tó fà á. Oòrùn yẹn náà ló ń pa apẹja Ẹ̀pẹ́. Dókítà kò fún àárẹ̀ apẹja lórúkọ.

Nítorí náà, kí olùwádìí má ṣe wọn ìdààmú òyìnbó nìkan, kí ó wádìí ipò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí òyìnbó kan bá ní wọn kò kí òun bó ṣe yẹ, kí a bi í: ta ló sọ fún ọ pé gbèsè ni ìkíni?