Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe tí wọ́n bá fa fláàṣì yọ lójijì, àti bó ṣe kọ́ ọ

Ẹni tó bá gbé ní Accra láàrin ọdún 2012 sí 2015 kò nílò àlàyé lórí 'dumsor'. Èdè Akan ni: kí iná kú, kó tún tàn. Láptọ́ọ̀pù tó ní bátìrì á ṣì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n háàdì díìsìkì tó ń jẹ iná ògiri á kú lórí ìdúró, tòun ti iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí láptọ́ọ̀pù náà má baà kú tẹ̀lé e, ó gba àwọn onímọ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún.

Tẹ́lẹ̀, ẹ ní láti pa ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó tú ọ̀pọ̀ nǹkan kúrò lára rẹ̀. USB tó jáde ní 1996 ló yí i padà. Síso nǹkan mọ́ ọn gan-an kò rọrùn: ní oṣù Kẹrin 1998, níwájú Bill Gates àti èrò ní Chicago, ojú Windows 98 di búlúù nígbà tí wọ́n so sikánà mọ́ ọn.

Yíyọ ló wá le jù. Kernel, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ń lo dírafà láti bá ohun èlò kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀. Kí dírafà tó lọ, ó gbọ́dọ̀ kọ iṣẹ́ tuntun, kó parí èyí tó wà nílẹ̀ tàbí kó fagi lé e, lẹ́yìn náà kó dá ààyè tó gbà nínú mẹ́mórì padà. Èyí tó bá kọ́kọ́ dá ààyè padà dà bí onílé tó wó ilé nígbà tí ayálégbé ṣì ń sùn nínú rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ lè dákú.

Windows 2000 bẹ̀rẹ̀ sí í fún dírafà ní ìkéde ọ̀tọ̀ tí ohun èlò bá lọ láìdágbére. Ní ti Linux, ètò tí Patrick Mochel bẹ̀rẹ̀, tó jáde nínú ẹ̀dà 2.6 ní oṣù Kejìlá 2003, to ohun èlò bí igi ìdílé: ọmọ ló ń kọ́kọ́ lọ, òbí á kẹ́yìn. (Kò sí òbí Yorùbá tó máa ṣe àmín síyẹn.) Síbẹ̀, nínú fóònù, kámẹ́rà lè máa gba iná lọ́wọ́ ohun tí kì í ṣe òbí rẹ̀. Ọdún 2017, nínú ẹ̀dà 4.10, ni Linux tó ní ọ̀nà láti kọ irú ìgbáralé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀dà Windows 10 ti ọdún 2018 kò dá iṣẹ́ fláàṣì dúró sí mẹ́mórì mọ́. Ẹni tó ra 'pen drive' ní Circle l'Accra lè fà á yọ tí ẹ̀dà fáìlì bá ti wọlé tán. Bí iná bá lọ kó tó wọlé tán, ààbọ̀ fáìlì ló máa bá nínú rẹ̀.