Pàṣán Awọ Erinmi

Tí wọ́n bá pa erinmi, wọn a bó awọ rẹ̀, wọn a là á ní ọ̀já gígùn, wọn a lọ́ ọ, wọn a sì sá a sóòrùn títí yóò fi gan. Awọ màlúù tí wọ́n fi ń ṣe kòbókò lọ́dọ̀ tiwa kò nípọn tó o rárá, etí awọ erinmi sì máa ń mú bí ọ̀bẹ. Kurbash ni wọ́n ń pe pàṣán yìí ní Íjíbítì àti Sudan, orúkọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará Tọ́kì. Ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi awọ àgbáǹréré náà ṣe é, sjambok ni. Láti Páṣíà ni orúkọ náà ti dé àwọn erékùṣù Indonéṣíà, àwọn ẹrú tí àwọn ará Họ́lándì kó láti ibẹ̀ ló sì mú un dé Cape Town. Ní Kóńgò, chicotte ni, látẹnu àwọn Potogí. Títí dòní, chicotte náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń pe pàṣán olùkọ́ wọn, ohun yòówù kí wọ́n fi ṣe é.

Àwọn tó ń fi màlúù wọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù lò ó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìjọba fi í ṣe ló yẹ ká rántí.

Ní Íjíbítì, kurbash ni wọ́n fi ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tí wọ́n sì fi ń dà wọ́n lọ síbi iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ibẹ̀ ní 1882, wọ́n fòfin dè é, Lord Cromer, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì tó ń darí ibẹ̀, sì ń fi èyí yangàn. Síbẹ̀, Cromer ṣì wà lórí oyè ní 1906 nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní abúlé Denshawai nítorí àwọn ọ̀gá sójà Gẹ̀ẹ́sì tó lọ yìnbọn pa ẹyẹlé ibẹ̀. Ọ̀gá sójà kan kú. Wọ́n so mẹ́rin nínú àwọn ará abúlé rọ̀, wọ́n sì na àwọn mìíràn ní gbangba.

Kóńgò ló burú jù. Láti 1885 sí 1908, Leopold Kejì, ọba Bẹ́ljíọ̀mù, fi odidi ilẹ̀ náà ṣe ti ara rẹ̀. Rọ́bà ló ń wá. Ẹni tí rọ́bà rẹ̀ kò bá pé, wọ́n á dà á dojú bolẹ̀, wọ́n á dì í mú tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n á sì nà án ní ìdí láìsí aṣọ. Ẹgba 25 lè mú èèyàn dákú. 100 sábà máa ń pani. Stanislas Lefranc, adájọ́ ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, rí i ní Léopoldville tí wọ́n ń na nǹkan bí 30 ọmọdé nítorí pé àwọn kan nínú wọn rẹ́rìn-ín lójú òyìnbó. Ó pariwo, ó kọ̀wé, àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé òyìnbó kì í sábà fọwọ́ ara rẹ̀ di chicotte mú. Sójà adúláwọ̀ tàbí ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ń kó o lé lọ́wọ́ kó na ará ilé rẹ̀, kí ọ̀gá dúró lápá kan máa ka iye rẹ̀. Bẹ́ljíọ̀mù gba Kóńgò kúrò lọ́wọ́ Leopold ní 1908, chicotte ń bá iṣẹ́ lọ títí òmìnira 1960 fi kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ayàwòrán ìlú Lubumbashi ní Kóńgò, Tshibumba Kanda-Matulu lára wọn, ya ìran náà léraléra: ẹni tó dojú bolẹ̀, sójà adúláwọ̀ tó na pàṣán sókè, òyìnbó tó ń wò wọ́n. Àwọn ará ìlú ń rà á kọ́ sára ògiri pálọ̀ wọn. Ukumbusho ni wọ́n ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní èdè Swahili: ohun ìrántí.