Ká Sọ Iye Wa ní Èdè Potogí: Àtúnṣe fún Ẹni tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ọ

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa Yorùbá tí a ń kọ́ èdè Potogí. Bí a bá fẹ́ sọ pé mẹ́rin ni wá, a ó ní *Há quatro de nós*. Ibi tó ti wá kò fara sin: ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wa fi ń kọ́ èdè náà, ètò Gẹ̀ẹ́sì la sì ń to ọ̀rọ̀ Potogí sí. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé Yorùbá kò lè ran akẹ́kọ̀ọ́ Potogí lọ́wọ́. Ní ti iye ènìyàn, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ká ní ẹ dé ilé oúnjẹ kan ní ìlú Salvador, ní Brazil. Ẹni tó ń gbani lálejò yóò béèrè pé *Vocês são quantos?*, ìyẹn ni pé, mélòó ni yín? Ìdáhùn rẹ̀ ni *Somos quatro*: mẹ́rin ni wá. Kò sí *há* níbẹ̀, kò sì sí *de nós*. Kò di dandan kí ẹ fi *nós* ṣáájú, nítorí *somos* fúnra rẹ̀ ti fi hàn pé àwa là ń sọ.

Kí wá ni *quatro de nós*? Mẹ́rin nínú wa ni. *Quatro de nós foram ao mercado*: mẹ́rin nínú wa lọ sọ́jà, àwọn yòókù kò lọ. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo wa la lọ, *Nós quatro fomos ao mercado* la ó sọ: àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sọ́jà. Ohun tí Potogí yà sọ́tọ̀ yìí, Yorùbá náà yà á sọ́tọ̀: mẹ́rin ni wá, mẹ́rin nínú wa, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Irú gbólóhùn *Somos quatro* yìí ti di àkọlé ìwé rí: ní 1943, Maria José Dupré, òǹkọ̀wé ọmọ Brazil, gbé ìwé ìtàn *Éramos Seis* jáde. Ìtàn ìdílé kan ní São Paulo ni: bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin. *Éramos* ń tọ́ka sí ìgbà tó ti kọjá: mẹ́fà ni wá tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré, òǹkàwé ti mọ̀ pé mẹ́fà náà kò pé mọ́.

Àṣìṣe kejì wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ kan, tí wọ́n ń fagi lé *Somos em quatro*. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni ní Brazil, pàápàá ní São Paulo, ó sì jọ bí àwọn ará Ítálì ṣe ń sọ ọ́: *siamo in quattro*. Ṣùgbọ́n ní Pọ́túgà, *Somos quatro* ni kí ẹ dì mú. Òun náà ló bá ìwé tí a fẹ́ kọ dáadáa mu.

Ibì kan wà tí Yorùbá kò ti lè ranni lọ́wọ́, ìyẹn ni ìyàtọ̀ akọ àti abo. Obìnrin méjì á ní *Somos duas*. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin, ó di *Somos dois*. *Três* àti *quatro* kì í yí padà, ṣùgbọ́n igba obìnrin á ní *Somos duzentas*. Bẹ́ẹ̀ náà ni *Somos muitos*, a pọ̀, ṣe ń di *Somos muitas* lẹ́nu àwọn obìnrin. Èyí ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ kọ́. Ní ti ètò gbólóhùn, kí ó kọ́kọ́ rò ó ní Yorùbá, kí ó sì gba ibẹ̀ bọ́ sí Potogí tààrà.