Mẹ́mọ́rì Tí Kì Í Bá Ètò Kú

Ẹni tó ṣí Facebook lórí fóònù ní Ijero kì í mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ètò tó wà nínú sáfà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àmọ́ bí wọ́n bá pa ètò kan láti gbé tuntun wọlé, ohun tó kó sínú mẹ́mọ́rì ara rẹ̀ á bá a lọ: iye àlejò tó ti wọlé, àwọn tó ń dààmú sáfà jù, gbogbo rẹ̀ á di òfo.

Oògùn rẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀. Kí ọdún 1980 tó dé ni àwọn ará Bell Labs tó wà ní Columbus, ní Amẹ́ríkà, ti fi mẹ́mọ́rì alájọlò sínú Unix tiwọn; System V ti AT&T sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ní 1983. Lórí Linux òde òní, ó lè hàn bíi fáìlì nínú /dev/shm, bẹ́ẹ̀ inú mẹ́mọ́rì ló wà, kì í ṣe orí dísìkì. Bíi ti ibi tí wọ́n ti ń wọn kòkó ní Efon ni: akọ̀wé lè lọ, ìwé ìṣirò kò kúrò lórí tábìlì, ẹni tuntun á bẹ̀rẹ̀ láti ìlà tó kàn.

nginx, ètò sáfà ìkànnì tí Igor Sysoev gbé jáde ní 2004, kò lò ó délẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó tún àwọn àṣẹ rẹ̀ kà, yóò máa lo mẹ́mọ́rì àtijọ́ lọ, bí orúkọ àti ìwọ̀n rẹ̀ kò bá yí padà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ẹ̀dà nginx tuntun wọlé, òdo ni yóò ti máa kà.

Ti Facebook ló lárinrin jù. Scuba, tí àwọn ẹlẹ́rọ ibẹ̀ fi ń ṣọ́ àṣìṣe, kó gbogbo dátà rẹ̀ sínú mẹ́mọ́rì, nǹkan bí 120 GB lórí sáfà kọ̀ọ̀kan. Kíkó o padà láti orí dísìkì máa ń gba wákàtí 2.5 sí 3 tẹ́lẹ̀. Ní 2014, wọ́n kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe yí i padà: ètò tó ń lọ á da dátà sínú mẹ́mọ́rì alájọlò, á fi àmì sí i pé ó pé, tuntun á gbé e láàárín ìṣẹ́jú 2 sí 3. Àmì yẹn gan-an lọgbọ́n ibẹ̀. Bí ètò bá ṣubú lójijì, kò ní sí àmì, orí dísìkì ni tuntun yóò padà sí.

Bákan náà ni bí iná bá lọ, ohun tí gbogbo ará Aramoko mọ̀ dáadáa, tí sáfà sì kú: /dev/shm á ṣófo.

Ní 2025, HAProxy, ètò tó ń pín àlejò fún àwọn sáfà, iṣẹ́ Willy Tarreau ará Faransé, fi fáìlì mẹ́mọ́rì alájọlò kún ẹ̀dà 3.3 kí òǹkà àlejò má baà padà sí òdo. Ìdánwò ni wọ́n pè é nígbà náà.