Kí Ni Ẹran Náà Jẹ Kí Àwa Tó Jẹ Ẹ́?

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a gbé wá lónìí, torí kí ó tó di pé a ṣínu ni ó yẹ kí á ro ohun tí a ó fi ṣínu.

Bí a bá ní ẹran kan jẹ́ halaali, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rò ju ọ̀bẹ lọ: ta ló pa á, ṣé ó dárúkọ Ọlọ́hun? Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n nínú Súrátul-Bákárà, áyà 168, nǹkan méjì ni Ọlọ́hun ní kí á wò: kí oúnjẹ jẹ́ halaali, kí ó sì jẹ́ tayyib, ìyẹn ni pé kí ó mọ́, kí ó dára.

Abdullahi ọmọ Umar gbà á wá, Abu Dawud sì kọ ọ́ sílẹ̀, pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) kọ̀ fún wa láti jẹ ẹran jallaala àti láti mu wàrà rẹ̀. Jallaala ni ẹran tí ẹ̀gbin ti di oúnjẹ rẹ̀. Ọmọ Umar yìí kan náà, bí ó bá fẹ́ jẹ irú adìẹ bẹ́ẹ̀, á kọ́kọ́ há a mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kí inú rẹ̀ lè mọ́.

Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní haraamu ni, ọ̀pọ̀ ní makuruuhu ni. Imaamu Malik, tí àwa níbí ń tẹ̀lé mazhab rẹ̀, gbà á láàyè. Ẹnìkan lè ní, "Ààfáà, ṣebí ọ̀rọ̀ parí nìyẹn?" Kò tíì parí o. Ọdún 795 ni Imaamu Malik kú ní Mẹdínà. Ẹran tó ń jẹ̀ kiri lórí ààtàn ni wọ́n mọ̀ nígbà náà. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì.

Koríko ni Ọlọ́hun dá màlúù láti jẹ. Àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ wá ń kó eegun àti ìfun tó ṣẹ́kù ní odò ẹran, wọ́n ń sè é, wọ́n ń lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n sì ń pò ó mọ́ oúnjẹ màlúù, kí wàrà lè pọ̀, kí ìnáwó sì dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni màlúù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ màlúù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1986, àwọn dókítà ẹran rí àrùn tuntun: màlúù á máa gbọ̀n, á máa ṣubú, ọpọlọ rẹ̀ á sì ti dá ihò bíi kànìnkànìn. Ní 1988, ìjọba fòfin de oúnjẹ náà fún màlúù. Síbẹ̀, ní 1990, mínísítà ètò ọ̀gbìn, John Gummer, gbé ẹran màlúù fún ọmọ rẹ̀ obìnrin níwájú àwọn oníròyìn láti fi hàn pé kò séwu. Nígbà tó di 20 oṣù kẹta, 1996, Stephen Dorrell, mínísítà ìlera, sọ nílé aṣòfin pé ó ṣeé ṣe kí àrùn ọpọlọ kan tó ń pa àwọn ọ̀dọ́ ti ara màlúù wá. Ènìyàn 178 ni àrùn náà pa ní Britain. Màlúù tí wọ́n pa dànù lé ní mílíọ̀nù 4. Sísè lórí iná kì í sì í pa ohun tó ń fà á.

Alápatà Mùsùlùmí tó wà nílùú yẹn, bó ti wù kó ṣe Bismillaahi tó, kò lè fi ọ̀bẹ yọ ohun tí wọ́n ti fi bọ́ ẹran náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin adìẹ ágíríkì, tiyín dà? Oògùn tí ẹ ń fún wọn ní iye ọjọ́ tí ó yẹ kí ẹ dúró kí ẹ tó tà wọ́n. Ẹ̀kọ́ ọmọ Umar náà ni. Ẹni tó mọ̀, tó tà á kí ọjọ́ pé, ó ti rẹ́ ẹni tó rà á jẹ. Àwa tí à ń rà náà, ẹ jẹ́ ká máa bèèrè.

Kí Ọlọ́hun fi halaali tó mọ́ bọ́ wa, kí Ó gba ààwẹ̀ wa. Àmín. Wassalaamu alaykum.